Bí a ṣe ń fi ọ̀bọ mona wé àbámọdá nínú iṣẹ́ bayọ́lọ́jì

Ìbéèrè tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹranko kan wé ewéko kan máa ń dà bí eré lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á kọ ọ́ pé ọ̀bọ ní ìrù, àbámọdá kò ní. Àbámọdá ní ewé, ọ̀bọ kò ní. Wọ́n á fa ìlà sí i nídìí, ó parí. Ìyẹn kì í ṣe ìfiwéra, àkójọ ohun tí ojú rí ni. Ìfiwéra máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá bi ẹ̀dá méjèèjì ní ìbéèrè kan náà, tí a sì lọ wá ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí: báwo ló ṣe ń rí omi? Níbo ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá? Báwo ló ṣe ń bímọ? Kí ló ń fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ewu? Ìbéèrè mẹ́rin yìí tó. Ẹni tó bá kó mẹ́wàá jọ kò ní wọn ìkankan dáadáa.

Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama ní Èkìtì ni a kọ ìlànà yìí fún, ẹ̀dá méjèèjì tí a mú kò sì jìnnà sí wọn. Láti Adó títí dé Ọ̀tùn, àbámọdá wà lẹ́yìnkùlé, ó wà lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, ó ń hù lórí àpáta tí erùpẹ̀ ibẹ̀ kò jìn ju ìka kan lọ. Ní ti ọ̀bọ, àgbẹ̀ tó ti bá èso kòkó rẹ̀ ní fífọ́, tí wọ́n ti fa adùn ara hóró rẹ̀ mu tán, mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún un.

Orúkọ lákọ̀ọ́kọ́

Ọ̀bọ, edun, àáyá, ìjímèrè: àwọn orúkọ wọ̀nyí máa ń yí láti ìlú kan dé èkejì, ọdẹ méjì sì lè fi orúkọ kan ṣoṣo pe ẹranko méjì. Nítorí náà, àmì ara ni kí ẹ wò. Ọ̀bọ mona, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cercopithecus mona láti ọdún 1774 tí Schreber ti sọ ọ́ lórúkọ, ní ẹ̀yìn pupa rẹ́súrẹ́sú, ikùn àti inú apá rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ dúdú bí eérú tó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, ìlà dúdú kan sì gba ẹ̀gbẹ́ ojú lọ sí etí. Àmì tí kì í tanni ni àmì funfun méjì tó rí roboto bí ẹyin, ọ̀kan lápá ọ̀tún ìdí ìrù, ọ̀kan lápá òsì. Bí ẹ kò bá rí méjèèjì, ẹ má kọ mona sílẹ̀. Ẹ kọ “ọ̀bọ tí a kò tíì mọ irú rẹ̀”. Láti Gánà dé Kamẹrúùnù ló ti ń gbé, ènìyàn ló sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé erékùṣù Grenada lọ́hùn-ún.

Àbámọdá pẹ̀lú ní àṣìṣe tirẹ̀. Ìwé kan á pè é ní Bryophyllum pinnatum, òmíràn á pè é ní Kalanchoe pinnata. Ewéko kan náà ni. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Madagásíkà ni orírun rẹ̀, ìdílé Crassulaceae ló sì wà, níbi tí ọ̀dúndún náà wà. Nítorí pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ló ń fa ọ̀dúndún tu tí wọ́n rò pé àbámọdá ni. Òdòdó ọ̀dúndún nàró sókè, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ti ọsàn. Ti àbámọdá dorí kodò bí agogo, ó sì wú bí àpò tí a fẹ́ atẹ́gùn sí. Bí kò bá tíì yọ òdòdó, ẹ tẹ́ ewé kan sórí yanrìn tútù. Bí ọmọ bá yọ ní etí ewé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àbámọdá ni.

Wíwo ọ̀bọ láì mú un

Ẹ má ṣe mú ọ̀bọ wá sí kíláàsì, ẹ má sì ra ti ọdẹ. Òfin ń dáàbò bo ẹran ìgbẹ́; eyín ọ̀bọ mú, ó sì lè kó àrùn dìgbòlugi ran ènìyàn; ikọ́ ife tí ń bẹ lára ènìyàn náà lè ran òun. Èyí tó kan iṣẹ́ wa jù ni pé ọ̀bọ tí a so mọ́lẹ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè wa. Ẹni tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n jù sí i kò fi bó ṣe ń wá oúnjẹ hàn ẹnikẹ́ni.

Ibi tó dára láti wò ó ni etí igbó àti oko kòkó tó bá igbó pààlà. Bí ẹ bá fẹ́ wọ igbó ọba tó wà ní Ìṣẹ̀-Èkìtì, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ ọ̀nà dání. Ẹ jókòó kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé láti ìdájí sí nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń jẹun jù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sán gangan, ìsinmi ni. Aṣọ tó dúdú díẹ̀ ló yẹ, kì í ṣe funfun. Kí fóònù dákẹ́. Ènìyàn mẹ́ta ti tó.

Bí a ṣe ń kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀ ló máa ń ṣòro jù. Ojú ènìyàn máa ń tẹ̀lé èyí tó ń fò. Ọ̀bọ márùn-ún lè jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹyọ kan á máa ta kiti láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ pé “wọ́n ń fò kiri ní gbogbo ìgbà”. Ọ̀nà tí Jeanne Altmann, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹranko, ṣàlàyé létòlétò ní 1974 ló ń gbani lọ́wọ́ èyí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ gbójú láti apá òsì lọ sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní ìṣẹ́jú náà gan-an: ó ń jẹ, ó ń rìn, ó ń sinmi, ó ń yẹ irun ẹlòmíràn wò, tàbí nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ojú kúrò títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn. Wákàtí mẹ́ta yóò fún yín ní ìgbà 18. Ká ní ọ̀bọ márùn-ún lẹ rí nígbà kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ 90 nìyẹn. Bí 36 nínú rẹ̀ bá jẹ́ “ó ń jẹ”, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Iye tí ẹ lè gbé kalẹ̀ nìyẹn, ó sì sàn ju “wọ́n jẹun gan-an” lọ.

Nígbà tí wọ́n bá ń jẹ, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Àpò wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀bọ mona, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bó bá wọ oko àgbàdo, kì í jókòó síbẹ̀ jẹ ẹ́. Á fi ọwọ́ méjèèjì ya àgbàdo, á kó o sẹ́nu kíákíá títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi wú bí ẹni tí eyín ń dùn, á wá gun igi lọ. Orí igi ni yóò ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìta, kí oúnjẹ lè padà sẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ àkókò tó fi kó o àti àkókò tó fi jẹ ẹ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A óò tún padà sí i.

Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà igbó lè lọ wo ọ̀bọ nínú ọgbà ẹranko, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àmì ara, ọwọ́, ìka àti ìrìn ni ẹ lè kọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ti oúnjẹ àti omi kò ṣeé kọ, nítorí pé ènìyàn ló ń gbé e fún wọn.

Omi inú ewé

Ẹ já ewé àbámọdá márùn-ún tó ti gbó láti àárín igi, kì í ṣe ti orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ẹ nu ìrì ara rẹ̀ kúrò, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tó lè ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, torí awọ ewé náà nípọn, ó sì ní ìda lára tí kì í jẹ́ kí omi jáde. Ewé odidi tí a kì bọ àárín ìwé kí ó lè gbẹ máa ń hu ọmọ nínú ìwé yẹn, gbòǹgbò rẹ̀ á tinrin bí òwú lára bébà. Ẹ gbé èyí tí ẹ rẹ́ sínú ààrò lábù tó gbóná dé 80°C, kí ẹ wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ títí ìwọ̀n méjì tó tẹ̀lé ara yóò fi dọ́gba. Bí kò bá sí ààrò, oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ lórí páànù ṣe é, ẹ ṣáà fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán.

Ẹ yọ ìwọ̀n gbígbẹ kúrò nínú ìwọ̀n tútù, ẹ fi ìwọ̀n tútù pín in, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní 50 gíráàmù di 4, omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí èsì yín bá kéré sí 85, ó ṣeé ṣe kí ewé náà má tíì gbẹ tán, tàbí kó ti rọ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ní ti ọ̀bọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá ọ̀bọ lóòrùn nítorí ìwọ̀n. Ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú tó ti dàgbà máa ń ní omi tó nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ kọ èyí, kí ẹ sì fi sí i pé láti inú ìwé ni, kì í ṣe pé ẹ wọ̀n ọ́n. Ohun tí ẹ fojú rí nínú igbó ni ibi tó ti ń rí omi: inú èso, inú ihò igi, àti ìrì ara ewé.

Ewé tó ń kan ní òwúrọ̀

Bí a bá ní ká mú ibì kan ṣoṣo tí ìfiwéra yìí ti dùn jù, ibí yìí ni. Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko tó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, tọ́ ewé àbámọdá wò, ó sì rí i pé ó kan lẹ́nu ní òwúrọ̀, àmọ́ kò kan mọ́ tó bá di ọ̀sán. Wọ́n tẹ ohun tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1815. Ẹ̀yin ẹ má tọ́ ọ wò. Èròjà kan wà nínú ewé náà tó ń da iṣẹ́ ọkàn rú, màlúù tó jẹ ẹ́ jù ti kú rí. Ẹ jẹ́ kí ohun èlò lábù ṣe iṣẹ́ ahọ́n.

Ewé àbámọdá máa ń hù ní méjì méjì, kọjú sí kọjú. Ẹ lo èyí dáadáa. Lára igi mẹ́ta, ẹ já ewé apá kan ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí ẹ fi èkejì rẹ̀ sílẹ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn 10 gíráàmù, ẹ gún un nínú odó kékeré pẹ̀lú 50 mílílítà omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù. Omi tí a kò sè ní kábọ́nì díọ́ksáìdì nínú, ìyẹn á sì ka ara rẹ̀ mọ́ ásíìdì ewé. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ kán phenolphthalein, omi tó ń di pupa nígbà tí ásíìdì bá tán, sí i lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá máa tú sodium hydroxide 0.1 M, tó ń pa ásíìdì, sí i láti inú búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tó ní àmì ìwọ̀n lára, títí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yóò fi wà níbẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú. Bí èyí tí ẹ tú sí i bá ṣe pọ̀ tó ni ásíìdì inú ewé ṣe pọ̀ tó. Bí lábù yín kò bá ní búrẹ́ẹ̀tì, bébà pH, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń kéré bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀, á fi ìyàtọ̀ hàn: ti òwúrọ̀ sábà máa ń wà ní àyíká 4, ti ọ̀sán á gòkè kọjá 5.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Èkíní ni ewé kékeré tó wà lórí. Kò tíì máa kó ásíìdì jọ lóru dáadáa, nítorí náà òwúrọ̀ àti ọ̀sán rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èkejì ni ewé tí a já ní òwúrọ̀ tí a kò gún títí tí oòrùn fi wọ lábù; ásíìdì rẹ̀ á ti lọ. Ẹ̀kẹta ni omi ewé tó dúdú jù, tí ojú kò fi rí àwọ̀ pupa. Ẹ bù omi tí ẹ ti sè kún un, tàbí kí ẹ tún un sẹ́. Àkókò ọyẹ́, ní Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, ló dára jù fún un, torí òru tó tutù máa ń jẹ́ kí ásíìdì náà pọ̀ sí i.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ewé gbọ́dọ̀ ya ihò ara rẹ̀, tí à ń pè ní sítómátà, kí kábọ́nì díọ́ksáìdì lè wọlé, ṣùgbọ́n ihò náà ni omi ń gbà jáde. Ọ̀pọ̀ ewéko ń ṣí i ní ọ̀sán, omi á sì máa lọ. Òru ni ti àbámọdá ń ṣí, nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù. Ó ń gba kábọ́nì díọ́ksáìdì, ó ń sọ ọ́ di ásíìdì malic, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ihò á padé, ásíìdì á túká nínú ewé, oòrùn á sì lo kábọ́nì díọ́ksáìdì náà láti fi ṣe ṣúgà.

Ẹ wá padà sórí ọ̀bọ tó kó àgbàdo sẹ́rẹ̀kẹ́. Ó kó o níbi tí ewu wà, kíákíá. Ó jẹ ẹ́ níbi tí ewu kéré, wọ́ọ́rọ́wọ́. Àbámọdá gba tirẹ̀ nígbà tí omi kò ní sọnù, ó lò ó nígbà tí oòrùn wà. Ẹ̀dá méjèèjì ya àkókò gbígbà sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò lílò. Ìjọra tó ní ìtumọ̀ nìyí, ọ̀pọ̀ kì í sì rí i, nítorí ohun tí wọ́n sábà ń kọ ni pé “ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀bọ ń tọ́jú oúnjẹ, ewé àbámọdá ń tọ́jú omi”, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ àti omi kì í ṣe ìbéèrè kan náà. Ẹ má ṣe gbàgbé ààlà rẹ̀ o: ẹ̀yà ara ni àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́, iṣẹ́ kẹ́míkà inú sẹ́ẹ̀lì ni ti àbámọdá.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ihò náà, ẹ kun kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ sí abẹ́ ewé, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi sẹ́lótéèpù ká a, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì máíkírósíkóòpù. Ní ìlọ́po 400, ẹ óò rí i pé, lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì méjì tó ń ṣí ihò kọ̀ọ̀kan tó sì ń pa á dé, sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló yí wọn ká, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà sì kéré sí méjì yòókù.

Ọmọ

Ẹ tẹ́ ewé mẹ́wàá sórí yanrìn tó tutù ṣùgbọ́n tí omi kò dúró nínú rẹ̀, lábẹ́ ìbòòji. Ẹ ka eyín etí ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún ka iye tó hu ọmọ lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ewé tó jẹrà kò rí àyè mí: omi ti pọ̀ jù. Ewé tó ṣì wà lára igi kì í sábà hu ọmọ. Já tí a já a ló ń mú un bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wọ̀nyí kò ní bàbá, ohun tí ìyá ní gẹ́lẹ́ ni wọ́n ní. Àbámọdá tún lè yọ òdòdó kó sì so èso, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ewé nìkan ló fi ń bí. Ọ̀bọ mona máa ń lóyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ẹyọ ọmọ kan ló sì sábà ń bí, akọ àti abo ló sì pín ohun tí ọmọ náà jogún.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé. Gbogbo gbólóhùn tó bá wà lápá òsì gbọ́dọ̀ ní ìkejì rẹ̀ lápá ọ̀tún, lórí ìlà kan náà, nípa ohun kan náà. Nínú ìdánwò WAEC, ìyàtọ̀ tí kò ní ìkejì kì í gba máàkì. “Ọ̀bọ ń jẹ èso, kòkòrò àti ewé tí ẹ̀dá mìíràn ti ṣe” dọ́gba pẹ̀lú “àbámọdá ń fi oòrùn ṣe ṣúgà tirẹ̀”. “Ọ̀bọ ń sá gun igi nígbà tí ọ̀kan bá ké” dọ́gba pẹ̀lú “àbámọdá kò lè sá, èròjà kíkorò inú ewé ló ń lé ẹran sẹ́yìn”. Àmọ́ “ọ̀bọ ní irun” kò dọ́gba pẹ̀lú “àbámọdá ní òdòdó”. Bó bá jẹ́ irun lẹ fẹ́ lò, ìda ara ewé ni ìkejì rẹ̀, torí ohun tó bo ara ni méjèèjì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni “ọ̀bọ ń mí, àbámọdá ń ṣe photosynthesis”, ìyẹn fífi oòrùn ṣe ṣúgà. Àwọn méjèèjì ló ń mí, tọ̀sán tòru. Ó kàn jẹ́ pé lóru, ewé àbámọdá ń mí bẹ́ẹ̀ ló sì tún ń gba kábọ́nì díọ́ksáìdì sínú, ìyẹn ló ń da ọ̀pọ̀ rú. Lábẹ́ ìjọra, ẹ kọ ọ́ pé méjèèjì ní sẹ́ẹ̀lì tó ní núkílíọ́ọ̀sì, wọ́n ń mí, wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń bímọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi sẹ́ẹ̀lì ẹranko hàn lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ti ènìyàn ni.

Àwòrán: pẹ́ńsù́lù tó mú, ìlà kan ṣoṣo láì pa á láró, gígùn rẹ̀ kó tó sẹ̀ǹtímítà 10, rúlà ni kí ẹ fi fa ìlà orúkọ, kí ìlà má gba orí ìlà. Àkọlé àti ìlọ́po rẹ̀ á wà nísàlẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbin àwọn ọmọ ewé sínú ike fún kíláàsì tó ń bọ̀. Ewé tó ṣẹ́ kù, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, torí bí ẹ bá dà á sórí ààtàn, yóò hù síbẹ̀, ewúrẹ́ àdúgbò á sì bá a níbẹ̀.